Má Ṣe Gba Ìròyìn Oògùn Lẹ́nu Ẹni Tó Ń Tà Á

Yeoville, Johannesburg
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, 2016

Morẹ́nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. O pè mí lọ́jọ́ Ẹtì láti fi ayọ̀ ọ̀sẹ̀ rẹ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ dókítà ní Fourways hàn mí, mo sì pa fóònù mọ́ ọ létí. O fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà pé, "Mummy, what did I do?" O ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí o sọ ló gún mi. O ní obìnrin kan wá láti ilé-iṣẹ́ oògùn, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún gbogbo ẹ̀yin dókítà, ó sì ṣàlàyé oògùn tuntun kan tó wà fún oríkèé ríro. O rẹ́rìn-ín, o wá ní, "She's so sweet, Mummy. I didn't even have to look anything up."

Bí o bá ti nà mí lẹ́gba, ì bá sàn ju gbólóhùn yẹn lọ. Ìgbà tí mo ṣì ń rò ó pé bóyá kí n kàn tọrọ àforíjì kí n sì dákẹ́ ni Màmá Adébọ̀wálé pè mí lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ yìí. O mọ̀ wọ́n dáadáa, ìyàwó Alàgbà Adébọ̀wálé tó kọ́ ọ ní ìṣirò títí o fi yege nínú ìdánwò mátíríkì. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, ọmọ wọn ti mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Fourways. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn, àwọn sì ti gba àyè láti wá rí ọ lọ́jọ́bọ̀. "Dókítà wa," ni wọ́n wí, "ọmọ yín ni mo fẹ́. Ọmọ ẹni tó tọ́jú Bàbá náà ni kó tọ́jú èmi." Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, oògùn rẹ̀ méjì ni wọ́n sì ń lò lójoojúmọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí mi ò lè purọ́ dáadáa ní Yorùbá. Fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn bí ìṣe rẹ, ṣùgbọ́n kà á dé òpin kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe dókítà ìdílé ní Yeoville yìí. Ẹni tó bá rí mi á rò pé inú ìwé ni mo ti ń mọ ohun tí mo ń fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, torí wọn kì í kọ́ eléyìí ní yunifásítì. Ohun tí a kọ́ nílé-ìwé ń gbó, oògùn tuntun sì ń jáde lójoojúmọ́. Àwọn aláìsàn ti kún ìta, ọmọ ń ké, ẹnì kan ń kanra mọ́ akọ̀wé pé òun fẹ́ tètè wọ taxi padà síbi iṣẹ́. Ta ló fẹ́ ṣí ìwé? Ìwé ńlá tó ní orúkọ gbogbo oògùn wà lọ́fíìsì mi. Òun ni mo fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí afẹ́fẹ́ má baà tì í. Níbi tí nǹkan ti rí báyìí ni ẹnì kan á ti kan ilẹ̀kùn, á rẹ́rìn-ín, á gbé páálí kalẹ̀, á sọ gbogbo rẹ̀ tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì fi bírò kan ta ọ́ lọ́rẹ. Bí a ṣe ń mọ̀ nìyẹn.

Tèmi ń jẹ́ Fẹ́mi.

Ọmọ Iléṣà ni, bíi tèmi. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ó so táì. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu Nomsa akọ̀wé mi, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì. Nomsa fò dìde lórí àga.

"Yho, Doctor! Is he sick?"

Fẹ́mi ò dìde. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi èdè Ìjẹ̀ṣà kí mi, ó ń béèrè àwọn ará ilé, ó ń béèrè bí òtútù ṣe ń ṣe mí. Àbẹ̀kẹ́, o ò lè mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún mi. Nílùú yìí, ọmọ ogún ọdún tó ń ta káàdì fóònù á pè mí ní Bísí. Ọmọ tó wà ní báńkì á pè mí ní Bísí. Ìwọ alára tí mo bí, "Hi, Mum" ni o máa ń sọ sí mi bí o bá ń kọjá lọ sídìí fíríìjì. Bàbá rẹ ti kú, kò sí ẹni tó ń pè mí ní orúkọ oríkì mi mọ́. Ẹnì kan tó wọ kóòtù wá dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo sì gbàgbé láti béèrè ohun tó kà nílé-ìwé.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán kí wọ́n tó bí mi: ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni ìwà. Mo mọ òwe náà. Mo ti fi kìlọ̀ fún ọ nípa ọkùnrin méjì ó kéré tán. Ṣùgbọ́n òwe ẹni kì í bá ni wí.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí. Ẹnikẹ́ni tó bá mú ìròyìn oògùn wá bá ọ, kí o tó gbọ́ ọ, bi í pé ta ló ń san owó oṣù rẹ̀, kí ló sì kà níwèé. Bi í pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n bi í. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ojú bá tì ọ́ láti béèrè, a jẹ́ pé ó ti rí ọ rà nìyẹn.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì ni Fẹ́mi ń wá. Á ra ìrẹsì àti dòdò ní Rockey Street bó bá ń bọ̀, á gbé e síwájú mi. "Mummy, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì jẹun o." Lóòótọ́, n kì í tíì jẹun. Bí mo bá ń jẹ, á máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò ní lè sọ òdodo. Mo máa ń fi òwe yẹn rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Má jẹ oúnjẹ wọn, Morẹ́nikẹ́. Gbé oúnjẹ tìrẹ lọ láti ilé, kódà kó jẹ́ búrẹ́dì àná. Wàá sọ pé, "Mum, it's just lunch." Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ lásán ni, kí ló dé tí wọn kì í gbé e lọ fún ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì yín?

Oògùn oríkèé ríro kan báyìí ni Fẹ́mi ń polówó nígbà yẹn. Ó ní kì í da inú rú bíi ti àtijọ́, àwọn àgbàlagbà gan-an ló sì dáa fún jù.

"Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?" Mo kúkú béèrè. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo béèrè.

"Ah, Mummy, no wahala. It's very safe. Àwọn professor ní Sandton, òun ni wọ́n ń lò fún patients wọn."

Mo gé ẹran sí méjì, mo mi orí pé ó dáa. Páálí sáńpù mẹ́fà ló fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Alàgbà Adébọ̀wálé wọlé tọ̀ mí wá, wọ́n ń fa ẹsẹ̀ kan. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń mú ni tọ̀. Èmi ni mo kọ méjèèjì fún wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fọwọ́ kan orúnkún wọn, mo sì na ọwọ́ sí sáńpù Fẹ́mi. Nísinsìnyí, wo ohun tí mo ṣe, nítorí ohun tí mo ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Mo yọ oògùn náà kúrò nínú páálí, mo dà á sínú ọ̀rá kékeré, mo kọ "ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́" sí i lára, mo sì ju páálí àti ìwé inú rẹ̀ sí garawa ìdọ̀tí. Mi ò kà á. Mi ò sì jẹ́ kí wọ́n kà á. Ìdí mi ni pé ìwé yẹn máa ń dẹ́rù ba aláìsàn, wọ́n á máa béèrè ọ̀rọ̀, àwọn tó wà níta á sì máa pọ̀ sí i. Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún kọ́ni ní ìṣirò, tí kì í ka ìwé láì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀! Ká ní mo fún wọn ní ìwé náà ni, wọn ì bá rí i fúnra wọn.

Nítorí náà, ka ìwé inú páálí. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ojú èèrà, mo mọ̀. Ra gíláàsì. Kà á kí o tó kọ oògùn náà fún ẹnikẹ́ni, má sì ṣe yọ ọ́ kúrò nínú páálí. Jẹ́ kó bá aláìsàn délé, kí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé kà á fún un. Bí wọ́n bá padà wá béèrè ọ̀rọ̀, dá wọn lóhùn. Kí ni a tún ń gba owó fún?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orúnkún ti fúyẹ́, Alàgbà ń rìn bí ọ̀dọ́. Inú mi dùn. Sáńpù ti tán, mo wá kọ oògùn náà sínú ìwé kí wọ́n lọ gbà á lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni Pillay, apòògùn tó wà ní ìsọdá títì sí mi. Kò tó wákàtí kan tí Pillay pè mí.

"Bísí, howzit. This thing you wrote for the old man. He's on the water tablet, he's on the other pressure pill, now this. All three together, eish, I'm not happy. His kidneys, man."

Ohun tó ń sọ ni pé bí oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé nínú ara àgbàlagbà, wọ́n lè pa kíndìnrín rẹ̀. Kò fi bò rárá. Bí ọmọdé bá gbọ́ ọ, á yé e. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ohun tí etí mi gbọ́? "Bísí" ni etí mi gbọ́. Bísí! Ọkùnrin tí mo fi ọdún méje jù lọ, tí kò ṣe ju kó máa ka oògùn sínú ìgò lọ, ló ń pè mí ní Bísí tó tún fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́.

"Mr Pillay, I am the doctor," ni mo wí. "Just dispense what I wrote."

Ó gbà, ó ní, "Shap, Doctor." Ó sì fún wọn ní oògùn náà.

Ọmọ mi, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún mi ló tàn mí jẹ. Ẹni tó pe orúkọ mi lásán ló sọ òótọ́ fún mi. Ilé ni a ti kọ́ mi láti máa wo ìkíni kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀, mo sì gbé ẹ̀kọ́ yẹn wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Apòògùn kò ní láti bọ̀wọ̀ fún ọ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí apòògùn bá pè ọ́, dìde lórí oúnjẹ. Bí ó bá bú ọ pàápàá, gbọ́ ọ tán ná.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀ ni Màmá Adébọ̀wálé pè mí. Ohùn wọn rẹlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń tọrọ nǹkan.

"Dókítà wa, ẹ má bínú o. Ẹsẹ̀ Bàbá ti wú. Ìtọ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Wọ́n ní kí n má yọ yín lẹ́nu, pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe."

Alàgbà ti rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, mo béèrè àlàáfíà wọn, wọ́n ní, "A dúpẹ́, Dókítà." Ẹsẹ̀ ti ń wú nínú bàtà nígbà yẹn. Àwọn àgbà wa kì í sọ fún dókítà pé oògùn rẹ̀ kò bá àwọn lára mu. Àrífín ni lójú wọn. Nítorí náà, má gba "a dúpẹ́" lọ́wọ́ Yorùbá kankan tó bá jókòó níwájú rẹ. Ní kó bọ́ bàtà. Bi í bó ṣe ń tọ̀. Bojú wo ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ.

Ta ni mo pè nígbà tí mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ wú? Ìwé ńlá wà nídìí ilẹ̀kùn. Pillay wà ní ìsọdá títì. Fẹ́mi ni mo pè. Mò ń gbọ́ ìró mọ́tò. Ó ní òun wà ní robot kan, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, lójú ọ̀nà Fourways.

"Mummy, it happens. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, á lọ fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí pílò."

Mo pe Màmá padà, mo ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ Bàbá sórí pílò. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n gbé Alàgbà lọ sí ọsibítù, kíndìnrín méjèèjì ti dákẹ́. Dókítà ọmọdébìnrin kan tó gbà wọ́n wọlé pè mí láti béèrè ohun tí wọ́n ń lò. Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, "Doctor, did you read the insert?" Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Mo lọ ṣí páálí sáńpù mìíràn tí Fẹ́mi tún ti fi sílẹ̀, mo tú ìwé inú rẹ̀. Ohun tí Pillay sọ wà níbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ oògùn ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, wọ́n kàn rán Fẹ́mi kó má ṣe dárúkọ rẹ̀.

Alàgbà kú ní ọjọ́ kọkànlá tí wọ́n dé ọsibítù. O wá láti yunifásítì, o sunkún lé mi láyà, o bi mí pé kí ló pa wọ́n. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìwọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn nígbà yẹn, ìwọ ni mo wo lójú tí mo parọ́ fún.

Níbi ìsìn ìsìnkú, Fẹ́mi wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá Adébọ̀wálé níwájú gbogbo ìjọ. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ń sọ pé, "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé." Ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu ìyá olè.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ló padà wọ ọ́fíìsì mi pẹ̀lú oògùn mìíràn. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Mi ò ní kó dìde.

"Fẹ́mi, kí lo kà ní yunifásítì?"

"Geography, mà." Ilẹ̀ ló ti dá mi lóhùn. "They trained us for two weeks. Mummy, ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo sọ fún yín o."

Mo lé e jáde. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ó purọ́. Ọmọ ìyá kan ló ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì. Èmi ni mo ka ìwé ìṣègùn ọdún mẹ́fà, tí mo wá lọ ń kọ́ nípa oògùn lọ́dọ̀ ẹni tó ka ìwé òkè àti odò. Mo kórìíra rẹ̀ síbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo sì kórìíra àwọn tó rán an, tí wọ́n mọ̀ dájú pé ọmọ Yorùbá ni kí wọ́n rán sí dókítà Yorùbá. Sí ìwọ tí o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ ìbílẹ̀, ọmọbìnrin ẹlẹ́rìn-ín tó mọ irú orin tí o fẹ́ràn ni wọ́n rán. Wọ́n mọ irú ìdọ̀bálẹ̀ tó yẹ oníkálukú.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà mọ́. Ọ̀kan ṣì kù. Wọ́n á pè ọ́ sí òtẹ́ẹ̀lì fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ alẹ́, wọ́n á ní wàá rí póìńtì gbà tí wàá fi tún ìwé-àṣẹ rẹ ṣe. Onímọ̀ ńlá ni yóò sọ̀rọ̀. Wo ẹni tó san owó gbọ̀ngàn náà kí o tó gba ohun tó wí gbọ́. Fi owó ara rẹ ra ìwé oògùn tuntun lọ́dọọdún, má sì fi dá ilẹ̀kùn dúró. Àwọn apòògùn kan wà ní yunifásítì tí wọ́n ń dáhùn fóònù dókítà láìgba kọ́bọ̀, tí wọn ò sì ta nǹkan kan. Nọ́ńbà wọn wà lára ògiri mi báyìí. Àárín èmi àti Pillay náà ti tún gún. Ó ṣì ń pè mí ní Bísí.

Ó ku ti Màmá Adébọ̀wálé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹja wá kí mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọlọ́run á san yín lẹ́san, ẹ gbìyànjú lórí Bàbá." Mo ṣe àmín. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe àmín.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fẹ́ wá bá ọ. Kì í ṣe pé wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ. Irọ́ mi ni wọ́n fẹ́ wá fi gbára lé ọ, mi ò sì fẹ́ kí o jogún rẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó níwájú rẹ pẹ̀lú orúnkún dídùn àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì nínú àpò, tí páálí obìnrin ẹlẹ́rìn-ín yẹn sì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ, má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí wọ́n má wá mọ́. Bí wọn ò bá wá, má pè wọ́n, má sì bínú sí wọn.

Lọ́jọ́rú, n ó wọ taxi wá sí Fourways. N kò ní yà sọ́dọ̀ rẹ. Ilé wọn ni mò ń lọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ọ̀nà tí n ó fi gba ọ̀rọ̀ náà, mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣàlàyé Fẹ́mi, mo fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn aláìsàn ṣe pọ̀ tó lọ́jọ́ náà. Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. N ó kúnlẹ̀, n ó sì sọ pé: "Mà, oògùn tí mo fún Bàbá ló pa wọ́n. Ẹnì kan kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́."

Ìyá rẹ